Ohùn Mọ́kànlélógójì Inú Mateyu

Bí ẹ bá gbọ́ tí Harawa ń kọ orin ìsìn nílé rẹ̀ ní Zolozolo, àdúgbò kan ní Mzuzu, tí orin náà kò sì kọjá ìlà àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kì í pariwo, kì í bú èèyàn, kì í sì í ju nǹkan mọ́lẹ̀. Ìlà orin kan ṣoṣo ni yóò máa tún kọ ṣáá, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìwé orin rẹ̀ ti ya. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti ń kọ ìlà kan náà, nígbà tí yóò sì fi di aago mọ́kànlá, ìyàwó rẹ̀ NyaLuhanga ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Harawa fi gun òpó tẹlifóònù. Láti Mzuzu títí dé Chitipa, ó mọ òpó tí ikán ti jẹ nídìí àti èyí tí oyin ti kọ́lé sí. Òjò pa á lórí òpó, oòrùn pa á lórí òpó, orí òpó náà ló wà nígbà tí wọ́n wá ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti bí Temwa. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ilé iṣẹ́ tú àwọn wáyà rẹ̀ ká, àwọn ará abúlé fi òpó dáná, wọ́n sì fún Harawa ní ìwé ẹ̀rí kan àti aago ògiri kan tí kò rìn rí. Ó gbé aago náà kọ́ síbẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí èèyàn ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ra ewúrẹ́, àwọn mìíràn ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Harawa ra kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan tó ń kógbá sílé, ó sì fi Linux sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ràn Linux nítorí pé kì í fojú pa kọ̀ǹpútà tó ti gbó rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í wá gba owó oṣù lórí rẹ̀. Èyí tó wù ú jù ni pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, ó máa ń sọ ibi tó ń dùn ún. Kò dà bí èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni yóò máa rín sí ọ títí yóò fi kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn ní Zolozolo, ọ̀dọ̀ Harawa ni wọ́n ń gbé e wá, ewé taba ilé tàbí ẹyin adìẹ ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́.

Kọ̀ǹpútà tó bá ti fẹ́ bá òmíràn sọ̀rọ̀ lórí wáyà gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí wọn yóò máa fi pè é. Nígbà tí àkọ́kọ́ béèrè orúkọ lọ́wọ́ Harawa, ó pè é ní Mateyu, orúkọ baba ńlá rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ ru lẹ́tà gun òkè Livingstonia láyé àwọn òyìnbó. Lọ́dún yìí ó ra kọ̀ǹpútà kejì, èyí tó lágbára díẹ̀, kó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ tó ti ń darúgbó. Kejì náà béèrè orúkọ. Harawa kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ti ń múra àtilọ sinmi, ọmọ tó bá wọlé ló ń gba orúkọ rẹ̀, kí orúkọ má baà sọnù, bẹ́ẹ̀ náà ni Harawa ṣe gba orúkọ tirẹ̀. Ó tẹ Mateyu sí i, ó fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tí ti àkọ́kọ́ ní, inú rẹ̀ sì dùn. Mateyu àgbà wà ní yàrá, Mateyu kékeré wà ní pálọ̀, wáyà gígùn kan tí Harawa fúnra rẹ̀ fi ìṣó kékeré kàn mọ́ ògiri sì so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ àpótí kékeré kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ń darí ọ̀rọ̀ wọn.

Ohun tó wà nínú Mateyu àgbà ló sọ Harawa di akọrin onílà-kan. Ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, mọ́kànlélógójì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tó wákàtí kan.

Ẹ mọ̀ pé àna ọkùnrin àti ìyá ìyàwó lọ́dọ̀ wa kì í wo ara wọn lójú. Bí ìyá bá ń bọ̀ lọ́nà, àna yóò yà sínú oko. Bí ìyá bá wà ní pálọ̀, àna yóò jẹun níta. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Harawa fi fẹ́ ọmọ NyaKaonga, kò sì lè sọ fún yín bóyá ìyá náà ní àmì lójú tàbí kò ní. Nígbà tí ara màmá kò gbé dídá gbé ní abúlé rẹ̀, Bwengu, mọ́, wọ́n mú un wá sí Zolozolo. Harawa gé yàrá ẹ̀yìn sọ́tọ̀ fún un, ó kan òrùlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí màmá lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má baà pàdé. NyaLuhanga sì ní kí àwọn gba ohùn màmá sílẹ̀, ìtàn ìdílé àti orin ìlọ̀kà àti bí wọ́n ṣe ń mọ àkókò òjò, kó tó pẹ́ jù. Harawa ṣe é bí ọmọ iṣẹ́ wáyà. Ó lu ihò kékeré sára ògiri, ó ti máíkù gba ibẹ̀ kọjá sí yàrá màmá. NyaLuhanga a jókòó ti ìyá rẹ̀, a máa bi í ní ìbéèrè. Harawa a jókòó sí òdìkejì ògiri níwájú Mateyu, pẹ̀lú agbọ́hùn létí, a máa ṣọ́ ohùn kó má já. Bó ṣe mọ ìyá ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ bó ṣe ń mí kó tó parọ́ kékeré, ó sì mọ orin tó máa ń gbàgbé apá kan rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò gbọ́, èyí tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ náà ó wà ní Karonga níbi tí wọ́n ti ń sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, NyaLuhanga ló tẹ bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni màmá kú. NyaLuhanga ní etí òun kò tíì gbà á, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣí òkúta ibojì màmá ní Bwengu. Gbogbo ọmọ ló ń bọ̀, títí kan Zebron àkọ́bí tó ń gbé Lundazi ní òdìkejì ẹnubodè, ẹni tí kò lè wá síbi ìsìnkú nítorí àìsàn. Ẹbí ti fẹnu kò pé kí aṣọ tí wọ́n fi bo òkúta tó kúrò, ohùn màmá ni kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú gbogbo mọ́kànlélógójì lọ sílé. Harawa ló dìde láàárín wọn tó ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni dísìkì inú Mateyu àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo nílẹ̀ símẹ́ǹtì. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà mọ ohun tí ìró yẹn ń sọ. Ọjọ́ rẹ̀ ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Harawa kó méjìlá ránṣẹ́ láti yàrá sí pálọ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sínú Mateyu kékeré láìsí wàhálà. Kó tó kó èyí tó kù, wọ́n mú iná lọ. Iná kò dé mọ́ títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe dé, Harawa ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, NyaLuhanga sì sáré tan Mateyu àgbà fún un kí àkókò má ṣòfò, lẹ́yìn náà ló tó tan ti pálọ̀.

Harawa nu ọṣẹ kúrò ní àgbọ̀n, ó jókòó, ó tẹ àṣẹ tó tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: kí àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù máa lọ bá Mateyu, kí wọ́n wọ inú àpò tó pè ní Satide. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Ó ní ẹni tó ń dáhùn sí orúkọ yìí kì í ṣe ẹni tí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ náà pe ara rẹ̀, kí ọ̀gá òun ṣọ́ra. Harawa pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Lẹ́yìn tí iná bá lọ tó bá sì dé ni ìkìlọ̀ yẹn máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ́ láti pa á rẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìkẹtàlá lọ pé, ìkẹrìnlá lọ pé. Harawa rìn lọ sí pálọ̀ láti wo ojú wọn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju méjìlá ọjọ́ Ajé lọ.

Ó padà sí yàrá. Kọ̀ǹpútà ní gbogbo wọn ti dé ọ̀dọ̀ Mateyu. Ó padà sí pálọ̀. Mateyu ní òun kò rí ẹnì kankan. Ẹni tí ẹ fi ìkíni rán tó ní òun ti jíṣẹ́, tí ẹni tí ẹ kí sì ní òun kò gbọ́, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Ibẹ̀ ni orin bẹ̀rẹ̀.

Ó fura sí wáyà, nítorí pé wáyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gé orí méjèèjì, ó tún wọn ṣe, ó fi eyín tẹ̀ wọ́n bó ṣe máa ń ṣe nígbà èwe rẹ̀. Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó gbé e sí ihò mìíràn lára àpótí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò yí padà. Ó wò ó bóyá Mateyu kékeré ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó wá ní kí Mateyu àgbà kan ilẹ̀kùn Mateyu lásán, láìgbé ẹrù kankan dání, kó kàn gbọ́ bóyá yóò dáhùn. Mateyu dáhùn kíákíá, ó yá ju bó ti ń dáhùn tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Inú Harawa dùn sí i, ó ní wáyà òun mà dára. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á ni. Ẹni tó wà ní yàrá kejì kì í yára dáhùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó di ìkẹtàdínlógún, kọ̀ǹpútà dúró gbọnin, ó ní kò sí àyè mọ́ lọ́dọ̀ Mateyu. Harawa wo ọ̀rọ̀ náà títí. Dísìkì Mateyu kékeré gbòòrò débi pé èèyàn lè kó ohùn gbogbo ìyá tó wà ní Bwengu sínú rẹ̀, kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Ní gbogbo àkókò yìí, kọ́ kọ́ kọ́ inú yàrá ń le sí i, ó ń sáré sí i, ó dà bíi pé gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú ló ń ti arúgbó náà sún mọ́ ibojì. Ìdí sì nìyẹn tí orin fi dákẹ́. Ẹ̀rù ba Harawa gan-an. Ó rí Zebron lójú inú rẹ̀, tó dúró lẹ́bàá òkúta pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, tó ń wo ẹni tó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òun.

NyaLuhanga gbé ife thobwa, ohun mímu àgbàdo, àti abọ́ mandasi, àkàrà ìyẹ̀fun díndín, wọlé. Orin tó dákẹ́ ló bà á lẹ́rù ju orin lọ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Harawa sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ṣé ìyá mi ló tún ń sá fún yín báyìí?" ló béèrè. "Nígbà ayé rẹ̀ kò wo ojú yín, ó kú tán kò tún fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà yín."

Harawa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú un rántí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọ̀nà Chitipa. Ọ̀gá náà máa ń wí pé bí ọ̀rọ̀ wáyà bá ti rú ọ lójú, yé bá a jiyàn, gé e. Bí ẹni tó ń dáhùn bá dákẹ́, òótọ́ ni pé òdìkejì wáyà ló wà. Ó ní kí NyaLuhanga lọ sí pálọ̀, kó di orí wáyà tó wọ ẹ̀yìn Mateyu kékeré mú, kó sì fà á yọ bí òun bá ti ké sí i. NyaLuhanga lọ. Harawa ké. Ó sì tún ní kí kọ̀ǹpútà kan ilẹ̀kùn Mateyu.

Mateyu dáhùn.

"NyaLuhanga, o ti fà á yọ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Ṣé kí n gbé e wá kí ẹ fọwọ́ kàn án ni?"

"Mateyu ṣì ń dáhùn."

NyaLuhanga wo orí wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde, jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà lójú pátákó.

"Mateyu wo?"

Harawa tún ní kó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó sì ń dìde lọ dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orí wáyà lọ́wọ́, ibi tí wáyà náà gùn dé nìyẹn.

"Ní agbo ilé wa ní Bwengu," ni NyaLuhanga wí, "Tisauke mẹ́rin la jẹ́. Bí màmá bá pe Tisauke lásán, ẹni tó bá sún mọ́ abọ́ oúnjẹ ló máa ń dáhùn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló fẹ́ rán wa, ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ pe orúkọ ìyá mọ́ ọn. Bàbá Temwa, ta ló sọ ọmọ méjì ní orúkọ kan nínú ilé kan, tí kò fún èkejì ní àdàpè?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Lórí wáyà, kọ̀ǹpútà tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gba orúkọ. Èyí tó bá jí tẹ̀ lé e, bó bá ti bá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kì í bá a jà, yóò rọra fi èjì sí ìdí tirẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Lọ́jọ́ Ajé, ti pálọ̀ ló kọ́kọ́ jí, òun ni Mateyu lọ́jọ́ náà, ẹrù sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ti yàrá ni NyaLuhanga kọ́kọ́ tàn. Láti àárọ̀ yẹn ni Mateyu àgbà ti ń ru ẹrù jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, tó ń gbé e wọlé padà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, tó ń tò ó sórí ara rẹ̀ pẹ̀lú dísìkì tó ń kú lọ, títí àyè fi tán nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ló sì jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn fún ara rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí Harawa pa rẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

NyaLuhanga ní ṣé òun tó tan èyí tí kò yẹ kóun kọ́kọ́ tàn ló fà á. Harawa ní rárá, òun tó sọ orúkọ ni. Ó sọ ọ́ tòótọ́tòótọ́, ara sì tù ú bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ẹ̀bi tó bá ti ní olówó rẹ̀ ṣeé tún ṣe.

Wọ́n wá ní láti sọ ti pálọ̀ lórúkọ. NyaLuhanga ní kí wọ́n fi orúkọ ìyá òun pè é. Harawa bi í bóyá ó fẹ́ kí òun, àna, máa tẹ orúkọ ìyá ìyàwó òun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ bí ẹni ń pe ajá. NyaLuhanga rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé wáyà sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Mlendo, àlejò, nítorí pé òun ló dé gbẹ̀yìn. Harawa ti wáyà bọ ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó pa á, ó tún un tàn, ó sì padà sí yàrá. Ó kan ilẹ̀kùn Mlendo. Ìdáhùn kò wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú akàn, bí ìdáhùn ẹni tó wà ní yàrá kejì lóòótọ́.

Ó kù kí wọ́n pa ẹ̀dà tó ti kún inú Mateyu rẹ́, kí arúgbó náà lè mí. Ẹ̀dà àti ojúlówó wà nínú ikùn kan náà báyìí, ìka kan tó bá ṣìnà, gbogbo rẹ̀ ti parí. Harawa fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò lórí bọ́tìnì. Ó ní kí NyaLuhanga dúró lẹ́yìn òun, kó ka orúkọ àpò tó fẹ́ pa rẹ́ sókè kí òun tó tẹ̀ ẹ́. NyaLuhanga kà á: Satide. Ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Harawa tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni NyaLuhanga lọ jókòó sí iwájú Mlendo, ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ó ń ké wọn láti pálọ̀ bí ẹni tó ń kí àlejò níbi ìgbéyàwó. Ìkẹtàlá ti dé. Ìkẹrìnlá ti dé. Èyí tí màmá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàn ti dé. Harawa kò tún dìde láti lọ wò ó, ó gba ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Títí dé ogójì, gbogbo wọn gúnlẹ̀.

Nígbà tó kan ìkọkànlélógójì, kọ́ kọ́ kọ́ dúró. Yàrá pa rọ́rọ́. Ó ti kọjá ìdajì, kò lọ, kò bọ̀. NyaLuhanga ké láti pálọ̀ pé òun kò rí ìkẹyìn. Harawa gbé ọwọ́ lé ara Mateyu, ó gbóná bí àdògán. Ó sáré lọ sí ilé ìdáná, ó mú àtẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ àgbàdo, ó ṣí ìhà kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ aláìsàn. Ó fẹ́ ẹ títí apá fi ro ó. Kò kọrin. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ ohùn pé kó ní sùúrù, pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù, pé baba ńlá òun tó ni orúkọ yẹn kò jókòó sójú ọ̀nà rí. Dísìkì náà dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìkọkànlélógójì ti dé," ni NyaLuhanga wí.

Harawa jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àtẹ lórí itan. Ìtura náà pọ̀ débi pé ebi ni ó kọ́kọ́ mọ̀ lára. Ó jẹ gbogbo mandasi tó wà nínú abọ́, méje, kò sì bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó fẹ́. NyaLuhanga dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò ó, ó ní ọkùnrin tó jẹun báyìí kò tíì ṣetán àtikú. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ ẹrù Bwengu, orin tirẹ̀ ló sì ń kọ báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Ẹrù tó bá já lójú ọ̀nà, ìrù rẹ̀ ló máa ń já, nítorí náà ìrù ni Harawa máa ń yẹ̀ wò. Ó jókòó síwájú Mlendo, ó fi agbọ́hùn sétí, ó ń gbọ́ òpin fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan kan. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó dé ìkẹyìn, èyí tí kò gbọ́ rí. Ó gbọ́ tí NyaLuhanga ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo ìkòkò ẹ̀wà lórí iná. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde. Ó fẹ́ pa á, ó gbà pé ó ti tán. Ó gbọ́ èémí kan, èyí tó mọ̀ dáadáa.

"Bàbá Temwa," ni màmá wí. "Mo mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn ògiri yìí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lu ihò yìí ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ yín. Ọmọ mi ti jáde, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé mo bá àna mi sọ̀rọ̀. Òrùlé tí ẹ kàn fún mi kò jò. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, mo máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, mo máa ń sọ fún òrùlé náà pé ó ṣeun, nítorí òun ni mo lè rí sọ fún. Ikọ́ yẹn, kí wọ́n se ewé gúáfà fún yín, kí ẹ mu ún ní gbígbóná. Ẹ má dá mi lóhùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni."

Ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ náà. Harawa wà ní Karonga, ó ń da iyẹ̀pẹ̀ lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúrò lórí àga, torí èèyàn kì í jókòó sórí àga bí ìyá ìyàwó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Màmá ní kó má dáhùn. Ó dáhùn.

"Mo gbọ́, Mama," ló wí.

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí aṣọ ti kúrò lára òkúta, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ti gba tirẹ̀, Zebron jókòó sábẹ́ igi ní Bwengu, ó fi gbogbo ọ̀sán gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wá bá NyaLuhanga, ó ní ìkẹyìn dà bí ẹni pé wọ́n gé e níbi ìrù, bóyá nǹkan kan já lójú ọ̀nà. NyaLuhanga ní rárá, gbogbo rẹ̀ ló dé, ìrù tí àwọn gé kúrò níbẹ̀ ti ọkọ òun ni.